Ilé Tápólì Tí Kò Jò

Ẹni tó bá ti kó ẹbí lọ sùn sínú igbó rí mọ̀ pé ẹrù ọjọ́ méjì ju ẹrù ọdún kan lọ. Ẹní, ìrọ̀rí, ìkòkò, ṣíbí tí wọ́n máa gbàgbé síbẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ti gbàgbé sílé. Ọkọ á ní kí wọ́n dín ẹrù kù. Ìyàwó á bi í pé èwo ni kí wọ́n fi sílẹ̀, ṣé ọmọ ni àbí ìkòkò.

Bó ṣe rí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Ọkọ jẹ́ kápẹ́ńtà tó ń kan òrùlé. Májò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kò tíì kan òrùlé tí òjò rí ojú rẹ̀ gbà wọlé. Tí wọ́n bá bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é, á ní omi dà bí àna tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́: tó bá rí àyè bí ojú abẹ́rẹ́, á wọlé, á sì jókòó.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń pè ní Adájọ́, nítorí pé kò sí ìjà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jà tí kò ní dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni kẹrin ni àbúrò aránṣọ, onídìrí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló gbé dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Májò ló sọ ọ́ ní Aláròyé. Ó ní bí ọmọ yìí bá dé ọ̀run, á ní àga ibẹ̀ le.

Aláròyé náà kì í jẹ gbèsè ọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì jẹ́ pè é láìfi “Bọ̀dá” ṣáájú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn “Bọ̀dá” yẹn, ata ló kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ ní ọdún tó ṣáájú. Inú igbó kan náà ni wọ́n lọ, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹbí tó bá fẹ́ sinmi, tí aṣọ́gbó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìkánjú ni Májò fi na tápólì sáàárín igi méjì lọ́dún náà. Òjò dé, omi sì bà wọ́n látòkè, ó bà wọ́n látẹ̀gbẹ́. Aláròyé dìde dúró, omi ń kán ní imú rẹ̀, ó ní: “Bọ̀dá Májò, ṣé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n sọ ní orúkọ yìí, àbí ẹ yá a lọ́wọ́ ẹnì kan ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òtútù fi kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n Aláròyé dé ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń dirun fún. Àwọn náà gbé e délé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn tó ń bá Májò ṣiṣẹ́ lórí òrùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Jò-díẹ̀. Májò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí ọkùnrin bá fi eyín rín, tí inú rẹ̀ kò bá a rín, ẹ ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ fún odidi ọdún kan bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, ó múra. Ó ra tápólì tuntun méjì, irú èyí tó nípọn, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù fi ń bo ọjà. Ó ní kí ìyàwó òun rán ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí ọ̀kan gun orí èkejì, kó sì ṣe ojú bọ́tìnnì sí i láti òkè délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Ó ní kó sáà máa rán an.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n sun inú ọkọ̀ mọ́jú nínú igbó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dára. Aṣọ́gbó kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi tútù, nítorí náà wọ́n ṣa àwọn tó ti wó. Májò ri igi ẹlẹ́ka méjì mọ́lẹ̀ níwájú, ó ri òmíràn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé igi gígùn kan dábùú wọn, ó sì to àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí egungun ẹja. Aláròyé ń gbé igi wá, ó ń ka iye èékánná tó ti dá mọ́ òun lọ́wọ́. Adájọ́ ń di okùn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na tápólì bò ó. Ibi tí tápólì méjèèjì ti pàdé, Májò ṣẹ́ etí wọn pọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí páànù, ó sì fi ọ̀dà dúdú tó fi ń dí òrùlé lẹ̀ ẹ́ pa. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yí ilé náà ká, ó ki etí tápólì sínú rẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọingbọin.

Ó wá ṣe ohun kan tó jẹ́ pé oníṣẹ́ òrùlé nìkan ló máa ronú kàn án. Ó wọ inú ilé náà, ó ní kí ìyàwó òun de bọ́tìnnì ilẹ̀kùn látìta, ó sì dúró nínú òkùnkùn, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Bí wọ́n ṣe máa ń dán iṣẹ́ wò nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ wọn: ihò tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà, omi á gbà á. Ó rí ihò mẹ́ta, ó dí wọn. Ó tún wò, kò rí nǹkan kan. Ó jáde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní tí ẹ̀kán omi kan bá wọ ilé yìí, kí wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ òun.

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò gbà wọlé, èémí kò ní gbà á jáde.

Wọ́n dáná lórí àdògán irin, níta, níwájú ilé. Èédú ni wọ́n fi dá a. Wọ́n se ọ̀dùnkún, wọ́n yan ẹja. Aláròyé ló dúró ti ẹja náà, ó sì ń ta Májò létí pé èyí tó jóná ni tiẹ̀, nítorí pé ọ̀dà tó fi kun ilé ló jọ. Wọ́n jẹun yó. Ẹja tó kù ṣì wà lórí iná. Aránṣọ di ìkòkò àti àwo sínú agbọ̀n, ó lọ fọ̀ wọ́n ní odò kékeré tó wà lẹ́bàá ilé aṣọ́gbó, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní òun ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kó má gbàgbé ṣíbí sómi.

Agogo méjì ọ̀sán kò tíì lù nígbà tí ojú ọ̀run dúdú. Òjò náà kò jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ kó tó dé. Aránṣọ sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aṣọ́gbó, òjò sì há a mọ́bẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Kò bẹ̀rù nítorí àwọn tó kù. Ó mọ̀ pé ilé tí ọkọ òun kọ́ kò ní jò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà, ẹnu Adájọ́ la ti gbọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan.

Ó ní bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sá wọlé. Ẹ̀wù Aláròyé ti tutù, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Májò rántí ẹja, ó rántí iná, ó sáré jáde, ó fi aṣọ méjì di àdògán mú, ó sì gbé e wọlé. Ó to òkúta sí àárín ilé, ó gbé e lé e lórí, kó má bàa jó tápólì. Ó wá de bọ́tìnnì ilẹ̀kùn láti inú, gbogbo rẹ̀ pátá.

Aláròyé bi í bóyá ó dáa kí iná wà nínú ilé rọ́bà. Májò ní kó wo iná náà dáadáa. Ẹyin iná ni, ó pọ́n bí ata, kò ní ọwọ́ iná kankan.

“Ṣé o rí èéfín? Iná tí kò rú èéfín, kí ló fẹ́ fi ṣe ẹnikẹ́ni?”

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ń ka èyí, mẹ́jọ ló gbà bẹ́ẹ̀. Májò ń ṣọ́ iná kó má jó wọn. Ó ń ṣọ́ èéfín kó má ta wọ́n lójú. Nǹkan kẹta wà nínú èédú, òun ni kò mọ̀ pé ó yẹ kó ṣọ́.

Òjò ń lu tápólì bí ẹni ń da òkúta lé e. Inú ilé gbẹ. Ó gbóná, òórùn ẹja sì gba ibẹ̀. Májò na ọwọ́ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan òrùlé, ó fi han Aláròyé pé ó gbẹ. Aláròyé ní ó dáa, òun gbà, kò jò, kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ ẹja. Adájọ́ ní ojú bàbá òun dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀, Aláròyé ní orí ń fọ́ òun. Májò ní ẹ̀rín ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún. Ó tún pẹ́ díẹ̀, Aláròyé ní òòyì ń kọ́ òun, inú òun sì ń rú.

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.”

“Kí òjò lè wọlé, kí o lè rí ìròyìn gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ilẹ̀kùn yìí kò ní ṣí títí òjò á fi dá.”

Ẹ̀fẹ̀ ló ṣe. Aláròyé náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí lé báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, níbi tó ti móoru jù lọ, ó ní kí wọ́n jí òun tí òjò bá dá. Kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

Òkùnkùn inú ilé sú Adájọ́. Òun náà, orí ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ wo òjò. Ó tú bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bàbá rẹ̀ rí i, ó bá a wí, ó sì dè é padà. Ó dúró títí ojú bàbá rẹ̀ fi pa dé, ó tún un tú, ó sì dojú bolẹ̀, ó yọ imú síta láti wo bí omi ṣe ń ta lórí ewé. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé e. Ihò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Májò ṣe lọ́jọ́ náà, ibi kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ló gba ọmọ rẹ̀ là.

Nígbà tí òjò fúyẹ́, aránṣọ gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. Ó dé iwájú ilé, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó rò ó pé wọ́n ń sùn. Ó ní ilé tí Aláròyé wà tó sì dákẹ́ báyìí, oorun gidi ló wọ ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn fún wọn. Ó jókòó sórí igi kan tó ti wó, ó ń nu àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi sùúrù gbé wọn lé ara wọn kí wọ́n má bàa dún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Títí di òní, ó ń fọwọ́ ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

Aṣọ́gbó kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀ àti àdá lọ́wọ́. Ó ń yẹ igbó wò bóyá ẹ̀ka igi wó lu àwọn àlejò. Ó kí aránṣọ. Aránṣọ fi ìka lé ètè, ó ní kó rọra, wọ́n ń sùn. Ọkùnrin náà wo ilé náà, ó yìn ín. Ó wá wo ilẹ̀, ó rí ojú eérú róbótó tí òjò ti pò mọ́ yẹ̀pẹ̀, kò sì rí àdògán.

“Iná yín ńkọ́, ìyá?”

“Wọ́n á ti gbé e wọlé, kó má bàa kú.”

“Láti ìgbà wo?”

“Á jẹ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.”

Kò béèrè ìkẹta. Ó sáré, kò tiẹ̀ wá ilẹ̀kùn, ó fi àdá ya tápólì láti òkè dé ilẹ̀. Aránṣọ pariwo lé e lórí: kí ló dé, ṣé orí rẹ̀ pé, ilé tí ọkọ òun fi odidi àárọ̀ kọ́. Ẹnu ariwo yẹn ló wà tó fi ṣàkíyèsí pé pẹ̀lú gbogbo ariwo òun, kò sí ẹni tó jí.

Aṣọ́gbó séèémí, ó wọlé, ó fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí koríko tútù. Adájọ́ ló kọ́kọ́ yíra, ó bì, ó sì béèrè ta ló ya ilé Dádì. Májò ń mí, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga ló ń mí. Aláròyé kò mí. Aṣọ́gbó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí apá rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló gbé wọn sínú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí Adájọ́ àti bàbá rẹ̀ nímú. Wọ́n gbé Aláròyé gba ọ̀nà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì kan wá jókòó ti aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú omi wá fún un. Aránṣọ kò mu omi. Ó ní kò sí èéfín nínú ilé náà. Ó ní òun yọjú sí i nígbà tí wọ́n ya á, òun fi imú òun gbọ́ ọ, ẹja ló ń rùn níbẹ̀, kò sí èéfín.

“Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Èéfín kọ́ ló pa á. Bí èédú bá pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, afẹ́fẹ́ olóró kan ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í háni lọ́fun. Tó bá wà níta, atẹ́gùn á gbé e lọ. Tó bá wà níbi tí a dé pa, inú wa ló ń wọ̀.”

Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ wa dà bí ọkọ̀ akérò, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ rere láti inú àyà lọ sí ọpọlọ, sí ọkàn, sí gbogbo ara. Olóró yìí máa ń sáré wọ ọkọ̀ náà ṣáájú, á jókòó sí gbogbo àga, kò sì ní tètè sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ rere á wà ní ìdíkọ̀, kò ní rí ọkọ̀ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, òòyì á dé, inú á rú, ara á rọ. Ẹni náà á rò pé oorun ló ń kun òun. Nígbà tí òye bá fi yé e pé nǹkan ṣe òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi pariwo. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà níta kì í fi gbọ́ nǹkan kan.

Aránṣọ wá bi í pé: “Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí mo dé ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe òpùrọ́. “Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Ó lè jẹ́ pé kò tíì pẹ́ jù. Ohun tó dá mi lójú ni pé ẹ ò mọ̀.”

Májò lajú ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kò tètè sọ fún un. Ó béèrè ẹni tó gba ẹja kúrò lórí iná.

Wọ́n sin Aláròyé. Ilé kún. Ẹ sì mọ bí àwa èèyàn ṣe rí: òkú kì í tíì tutù tí a ó ti wá ẹni tó pa á. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹlòmíràn ní onídìrí tí ọjà rẹ̀ ń tà báyìí, ó dájú pé ojú wà lára rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń dárúkọ obìnrin tó ń dirun ní òdì-kejì ọ̀nà, obìnrin tó ti ń sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Èyí ni ahọ́n wa máa ń ṣe: á fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò, á sì dá èédú láre, kó lè padà wá mú ẹlòmíràn.

Aṣọ́gbó wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde. Ó ní kí wọ́n má bínú, kì í ṣe ọwọ́ ayé, iná inú ilé ni. Ó ní òun gan-an jẹ̀bi díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá dé ẹnubodè òun ni òun ń sọ fún pé kí wọ́n má gé igi tútù, kí wọ́n má da ìdọ̀tí sílẹ̀, kí wọ́n má fi iná sílẹ̀ kó jó igbó. Òun ń dáàbò bo igi. Òun kò sọ fún wọn rí pé kí wọ́n má gbé iná wọ ibi tí wọ́n ń sùn, òun sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Aláròyé, arúgbó tó bí aránṣọ náà, wà lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. Ó yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Májò sọ ọ́ ní ìjókòó.

“Ó ní orí ń fọ́ òun, Màámi. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò ṣí i.”

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìyẹn rí. Adájọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti gbé e mì fún ọjọ́ mẹ́jọ. Aránṣọ dìde, ó wọ yàrá, ó sì tilẹ̀kùn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó tún jọ jẹun lórí tábìlì kan.

Ìyá arúgbó náà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ le bí igi gbígbẹ.

“Mi ò ní kí o bá ọmọ mi kú. Ẹkún rẹ kò lè jí i. Ṣùgbọ́n tí o bá fi èyí pa mọ́ sínú, tí ọmọ ẹlòmíràn sì kú irú ikú yìí, ìgbà yẹn lo máa tó jẹ̀bi lọ́wọ́ mi. Máa sọ ọ́. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kí o máa sọ ọ́.”

Ó ń sọ ọ́. Májò kò gun òrùlé mọ́. Olóró náà ti fi nǹkan sílẹ̀ lára rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òòyì ń kọ́ ọ tó bá dúró pẹ́, ó sì ń gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó lè gbàgbé ibi tó fi bàtà sí àti ohun tó jẹ láàárọ̀. Kò tíì gbàgbé ọ̀sán Sátidé náà. Ó ń tẹ̀ lé àwa tí a ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa iná èédú lọ sí ilé ẹ̀kọ́, sí ìpàdé àdúgbò, sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́, a máa ń dúró dè é. Adájọ́ kì í dá ẹjọ́ nínú ilé mọ́. Tí ohùn bá ti ròkè, á jáde lọ jókòó síta.

Ó kù sọ́wọ́ yín báyìí.

Ẹ lọ sínú igbó, a kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ kọ́ ilé igi, ẹ na tápólì, ẹ yan ẹja, ẹ fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìta ni iná ń gbé. Kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tó ogún ìgbésẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa máa fẹ́ ohun tó ń jáde lára rẹ̀ wọlé bá yín. Bí òjò bá dé, ẹ jẹ́ kó pa iná náà. Iná kú, a ó tún un dá. Ẹja bàjẹ́, ẹja ni. Ẹ má ṣe gbé àdògán wọlé nítorí òtútù, bó ti wù kó pọ́n tó, bí kò tilẹ̀ rú èéfín kankan. Ẹ má sì tan ara yín pé a ó ṣí fèrèsé díẹ̀. Olóró yìí kì í ṣe àlejò tí a ń fọ̀nà hàn, kò ní jáde tán.

Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tápólì, ẹ fi ojú atẹ́gùn sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé, aṣọ la ó fi nù ún. Tí òtútù bá ń mú yín, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ wọ gbígbẹ, ẹ da aṣọ tó nípọn bora, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ dé e dáadáa, kí ẹ fi aṣọ wé e gbé sáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ igbó nìkan ni. Iná èédú nínú yàrá tí a tì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ọkọ̀, èédú tí kò tíì kú tán tí ẹ dì sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń padà bọ̀ wálé: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Kí ẹ tó kó èédú pa mọ́, ẹ bu omi lé e lórí títí kò fi ní hó mọ́.

Bí ẹ bá wà níbi tí iná wà, tí orí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, tí òòyì ń kọ́ ẹlòmíràn, tí oorun ọ̀sán gangan sì ń kun gbogbo yín, ẹ má wádìí. Ẹ má ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ jáde. Ẹni tó bá ní kí a ṣí ilẹ̀kùn, kódà bó bá jẹ́ pé àròyé ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ ṣí i fún un kí ẹ tó bá a jiyàn.

Ẹni tí ẹ bá bá nílẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sọ fún wọn pé inú ilé tí iná èédú wà ló ti dákú. Bó bá tiẹ̀ jí fúnra rẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yọ èèyàn, kó séèémí, kó yára, kó má ṣe dúró sínú rẹ̀.

Bí òjò bá sì ń rọ̀ níbi tí ẹ ti ń ka èyí, tí ẹyin iná wà nínú yàrá pẹ̀lú yín, tí àwọn ọmọ sì ti sùn, ẹ má parí ìwé yìí. Ẹ jí wọn, ẹ gbé wọn síta ná.